Ìgbín Tó Dáṣọ fún Igbó

"Ààlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ tí òṣùpá kó jọ!"
"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi wọ́ tuurutu, ó wọ́ dórí Ìyá Ìgbín.

Iná jó igbó kan run. Erin kó àwọn ẹranko jọ, wọ́n gbin igi tuntun, igi sì dàgbà. Ṣùgbọ́n ìhòòhò ni ara igi wà, ilẹ̀ gbẹ, gbogbo ẹyin tí Ìyá Ìgbín ń yé ló ń gbẹ.

Ó ní, "Bàbá Erin, igbó yìí kò tíì láṣọ."

Erin rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó ń fàyà wọ́ ni yóò dáṣọ fún un?"

Ìyá Ìgbín wọ́ lọ sí igbó àgbà tí iná kò dé, ó bu ewé tútù kéékèèké tí í bo igi bí aṣọ àrán, ó pọ̀n ọ́n, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Igi mi, dákun gbaṣọ,
Àrán tútù!
Kọ́mọ mi ríbi sùn o,
Àrán tútù!

Nígbà tó padà dé igbó tuntun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi níbi tí oòrùn ń pa, ó gbẹ. Ó mú òmíràn lẹ̀ mọ́ èèpo tó ń dán, òjò gbá a lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ èèpo págunpàgun lábẹ́ ibòji. Ewé náà wá hù níbẹ̀, ó sì ń tàn láti igi dé igi.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, odò gbẹ, àmọ́ omi ń kán tó, tó, lára àrán náà. Gbogbo ẹranko ń lá a. Erin kúnlẹ̀.

"Ìyá Ìgbín, igi ni mo gbìn. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ digbó."

Ìyá Ìgbín na ìwo rẹ̀ sókè, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ tí ẹyin wọn pa lábẹ́ àrán náà, tí wọ́n ń jẹ̀ kiri.

"Ẹ máa yan fanda, ọmọ mi. Ilé yín nìyí."

Bí mo bá purọ́, kẹ́nu mi dì pa bí ẹnu ìgbín lẹ́ẹ̀rùn.