Òdòdó Tó Di Yanrìn Mú

Àlọ́ o. (Àlọ̀ o.) Àlọ́ mi rá pálá lórí yanrìn aṣálẹ̀, ó kan Òkété àti Ràkúnmí.

Òdòdó kan tàn sílẹ̀ yí kànga Òkété ká. Gbòǹgbò rẹ̀ ló di yanrìn mú. Ràkúnmí fà díẹ̀ tu lára rẹ̀, ó fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ọrùn. Òkété fara ya, ó kọrin. Ẹ gbè é:

Ràkúnmí, má fà á tu mọ́.
(Yanrìn á bo kànga.)

Ràkúnmí ní, "Ewé lásán, ìyá." Ó tún fà á tu. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó tu gbogbo gbòǹgbò. Atẹ́gùn fẹ́, yanrìn dí kànga.

Òkété ń di ẹrù lọ nígbà tí òùngbẹ gbé Ràkúnmí dé. "Ìyá, omi dà?"

"Ó wà lábẹ́ yanrìn. Fi ẹ̀ṣọ́ ọrùn rẹ wà á."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi òdòdó ẹ̀bá kànga wa sírun, àlọ́ yín nìyẹn.