Ọmọ Ọlọ́mọ Lórí Òṣùwọ̀n

Obìnrin kan wà tí ó ń yán hànhàn láti gbọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Gbólóhùn náà kò gùn. "Ọmọ yìí ń dàgbà dáadáa." Kò wá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó bí ọmọkùnrin kan, ó sọ ọ́ ní Fọlárànmí. Ọmọ náà ti pé oṣù mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbà tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ṣì ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìlú náà, oṣooṣù ni wọ́n ń wọn ọmọ ní ilé ìwòsàn. Àwọn ìyá á jókòó lórí bẹ́ńṣì. Bí wọ́n bá pe orúkọ ọmọ, ìyá rẹ̀ á bọ́ ọ sí ìhòòhò, á gbé e sínú ṣòkòtò aláṣọ tí ó so rọ̀ lára òṣùwọ̀n. Nọ́ọ̀sì á ka ìwọ̀n, á fi bírò tẹ àmì kan sórí káàdì, á sì fa ìlà láti àmì ti oṣù tó kọjá dé ibẹ̀. Kò sí ìyá tí kò lè ka ìlà yẹn, ìbáà má mọ̀wé rárá. Bí ìlà bá gòkè, ìyá á rìn jáde tàyàtàyà. Bí ó bá wálẹ̀, á máa tún ìró rẹ̀ ró, kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kẹwàá ọmọ yìí, ìlà rẹ̀ wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì, àgbàlagbà kan, ní kí ìyá náà dúró títí èrò yóò fi túká, kí àwọn lè jọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó jókòó tì í ti na ọrùn wo káàdì náà. Ó ní, "Ìyá Fọlárànmí, àbí ìwọ lò ń bá ọmọ jẹ oúnjẹ rẹ̀ ni?" Gbogbo bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Kò dúró de nọ́ọ̀sì. Ó ká káàdì, ó gba ilé lọ.

Nígbà tí ó délé, ó tẹ fóònù rẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́mọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn. Obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ rí ti sọ ọ́ níbẹ̀ pé eyín tó ń yọ ló ń mú ọmọ rù, pé bí eyín bá ti yọ tán, ẹran ara á padà. Ọ̀rọ̀ náà dùn, kò sì ní kí ó ṣe ohunkóhun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbọ́ ọ. Síbẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí obìnrin inú fóònù kò rí ọmọ rẹ̀ rí.

Aránṣọ kan ń bá a gbé ilé kan náà. Ọmọkùnrin aránṣọ yìí kò ju Fọlárànmí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó sanra débi pé ẹran apá rẹ̀ ń ṣẹ́po. Nígbà tí ọjọ́ ìwọ̀n tún pé, ìyá Fọlárànmí ní òun fẹ́ gbé ọmọ náà jáde díẹ̀. Aránṣọ ní, "Gbé e lọ jàre, kí n lè rójú rán aṣọ ìyàwó tó ń yọ mí lẹ́nu yìí." Ìyá Fọlárànmí fi ọmọ tirẹ̀ ti ìyá ọkọ rẹ̀, ó pọn ọmọ ọlọ́mọ, ó mú káàdì dání.

Wọ́n ti gbé nọ́ọ̀sì àgbàlagbà lọ sí ìlú mìíràn. Ẹni tuntun tó wà níbẹ̀ kò mọ ojú, káàdì ló mọ̀; àwọn ìyá orí bẹ́ńṣì náà, ìlà ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ọmọ. Ó pe Fọlárànmí. Obìnrin náà dìde, ó gbé ọmọ aránṣọ sórí òṣùwọ̀n. Ìlà fò sókè. Nọ́ọ̀sì ní, "Ọmọ yìí ń dàgbà dáadáa. Bí ẹ ti ń ṣe é yẹn náà ni kí ẹ máa ṣe."

Ó ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń lọ sílé, ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo, ó sì ń wù ú pé ì bá jẹ́ ọmọ tirẹ̀ ló wúwo tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó gbé Fọlárànmí, bí ẹni gbé aṣọ ni. Ó fi ẹnu sí i létí, ó sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ní ó ń dàgbà.

Oṣù mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ń sanra, ọmọ rẹ̀ ń rù.

Ní oṣù kẹta, nọ́ọ̀sì na káàdì náà sókè kí gbogbo ìyá lè rí i, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Bí obìnrin náà ti ń jáde, ọ̀dọ́mọdé ìyá kan sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó di etí ìró rẹ̀ mú. Ọmọ tó gbé dání rù hangogo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi. Ohun tí ẹ ṣe fún tiyín, ohun náà gan-an ni n ó ṣe fún tèmi."

Ó wo ojú ọmọ náà. Ojú ọmọ tó fi sílẹ̀ nílé ló rí. Ó ní, "Má ṣe ohun tí mo ṣe. Padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Èmi náà ń bọ̀."

Ó dá ọmọ aránṣọ padà fún un. Ó gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọkọ. Kí wọ́n tó ti ilé ìwòsàn, ó ti padà débẹ̀. Ó gbé ọmọ náà sórí òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀, ó ní, "Èyí ni Fọlárànmí."

Nọ́ọ̀sì wo òṣùwọ̀n, ó wo káàdì, ó tún wo ojú ìyá. Ó fagi lé àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò bú u. Ó béèrè pé, "Láti ìgbà wo ni kò ti jẹun dáadáa?" Ẹnikẹ́ni kò bi í ní ìbéèrè yẹn rí, nítorí kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ìdí tí yóò fi béèrè rẹ̀. Ó la ẹnu, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n kọ ìwé fún un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Àìsàn kan ti wà nínú àyà ọmọ náà tipẹ́. Kò kú. Ṣùgbọ́n dókítà sọ fún ìyá rẹ̀ pé ká ní ó tètè gbé e wá ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni, oògùn lásán ì bá tó o, kò ní sí pé à ń sùn sí ilé ìwòsàn. Ọmọ náà pé ọdún méjì kí ó tó rìn. Ìyá rẹ̀ kò wá ìyìn mọ́. Oṣù mẹ́ta yẹn ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, wọn kò sì sí níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè bá a mú wọn wá.

Ìwọ ìyá tí ò ń gbọ́ mi, má fi obìnrin yìí rẹ́rìn-ín. Ìmọ̀ràn tí o gbà lórí fóònù lánàá, ọmọ ta ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó gbà ọ́ ní i? Àgbo tí aládùúgbò fún ọ, ara ọmọ tirẹ̀ ló fi dán an wò. Bí nọ́ọ̀sì bá sì bi ọ́ léèrè, tí o ní ó ń jẹun, tí o mọ̀ pé kò jẹun, ọmọ ọlọ́mọ lo gbé síwájú rẹ̀ yẹn. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, tí orí ti ń fọ́ ọ láti ìgbà tí o ti bímọ, tí o ní ara rẹ le, tí o kò jẹ́ kí wọ́n yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ wò? Ara ta ni ò ń sọ?

Ìtìjú orí bẹ́ńṣì kì í ju wákàtí kan lọ. Ọmọ tí o bá fi pa mọ́ sílé, kò sí oníṣègùn tó lè wò ó sàn níbẹ̀. Dìde, lọ gbé e wá.