Bí Eré Ajá Igbó Yìnyín Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹni rere, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ bí eré ajá tí à ń sá lọ́dọọdún láti Igbó Yìnyín wọ ìlú Ìdóọgẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìtìjú ló bí i. Ẹni tó bá ní ayọ̀ ni, irọ́ ló ń pa.

Ọdẹ kan wà láyé ọjọ́un tí ń jẹ́ Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Ọdẹ́ṣọlá, ọmọ apẹrin-má-mì, ọmọ afàdá-lànà-nínú-ẹ̀gún, tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọfà rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a máa ń fi orúkọ ajá pòwe mọ́ aládùúgbò. Nígbà tí òun àti Lákànlé, àbúrò rẹ̀, jà nítorí ẹtu kan, ó sọ ajá rẹ̀ ní Máfiwémi, ó sì ń pè é láràárọ̀ kí ẹni tí à ń bá wí lè gbọ́. Lákànlé náà wá ajá kan tó rù hangogo, ó sọ ọ́ ní Ẹjẹ́ámáawò.

Ó ṣe, àrùn kan wọ̀lú tó ń dí àwọn ọmọdé lọ́nà ọ̀fun, ọmọ Lákànlé sì wà lára wọn. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan ní ìkọjá Igbó Yìnyín ni oògùn rẹ̀ wà, igbó tí òjò ti ń dì kó tó kanlẹ̀, níbi tí àwọn iwin olórí mẹ́ta ń gbé, àti àwọn àǹjọ̀nú ẹlẹ́sẹ̀ kan, àti àwọn egbére tí omijé ń dì mọ́ lójú. Ajá nìkan ló lè yára níbẹ̀, nítorí náà wọ́n so ajá mọ́ imọ̀ ọ̀pẹ kó máa wọ́ ẹrù lórí yìnyín. Ọdẹ́gbàmí, tó ti lérí fún gbogbo ìlú, wo igbó náà títí, ó ní òun yóò dúró létí rẹ̀ láti gba oògùn, kí Lákànlé wọ inú. Lákànlé kò jiyàn. Ọmọ rẹ̀ ló ń kú lọ.

Bó ti dúró, ẹbọra onírùngbọ̀n yìnyín kan yọ sí i, ó bi í pé kí ni ajá rẹ̀ ń jẹ́.

“Máfiwémi. Èmi ọmọ Ọdẹ́ṣọlá ni, kúrò lọ́nà kí ọfà mi má baà bá ọ sọ̀rọ̀.”

Ẹbọra náà rẹ́rìn-ín títí yìnyín fi ń já bọ́ ní irùngbọ̀n rẹ̀. “Ọmọ Ọdẹ́ṣọlá kan bá mi jà lánàá nínú igbó, ó sì kọjá. Ìwọ ń gbọ̀n létí igbó, o ní kí wọ́n má fi ẹnikẹ́ni wé ọ.”

Láìpẹ́ Lákànlé yọ, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní àtẹ́lẹsẹ̀ ajá rẹ̀. Ó na igbá oògùn sí Ọdẹ́gbàmí. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tètè máa lọ.”

Máfiwémi wọ́ oògùn wọ̀lú, àwọn ọmọ mu ún, ọ̀fun wọn sì là. Ọba fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ajá náà lọ́rùn, àwọn obìnrin ń kì í. Wọ́n ní kí Ọdẹ́gbàmí sọ bó ti la igbó já. Ó lanu, kò rí ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n ní ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè.

Nírọ̀lẹ́ Lákànlé tiro wọ̀lú, ó gbé ajá rẹ̀ sí èjìká, ẹnikẹ́ni kò wò ó. Ọdẹ́gbàmí kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó fi sí Ẹjẹ́ámáawò lọ́rùn.

“Kábíyèsí, etí igbó ni mo dúró sí. Àbúrò mi ló wọ inú.”

Ohun tí Lákànlé bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ju pé, “Ọmọ mi ńkọ́?”

“Ó ń sùn.”

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọba dá eré náà sílẹ̀, ó sì pàṣẹ pé ajá tó bá wọ̀lú kẹ́yìn ni kí wọ́n máa fi ìlẹ̀kẹ̀ náà sí lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí dòní.

Ọdẹ́gbàmí yí orúkọ ajá rẹ̀ padà sí Àbúròlóṣe, ṣùgbọ́n ajá náà kò dáhùn. Títí ó fi kú, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni àgbà ọdẹ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń pe Máfiwémi wá jẹun, tí Lákànlé ń gbọ́ lódìkejì ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi orúkọ ajá bú èèyàn, ẹ rántí pé ẹnu yín ni yóò máa pè é.