Adìẹ Tí Bàbá Ń Pa Fún Ọmọ Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìlú kékeré kan. Ó bí ọmọbìnrin kan, Ìbíwùmí. Láti kékeré ni ọmọ náà ti máa ń ti ẹran, ẹja àti ẹ̀wà sí ẹ̀gbẹ́ àwo, á ní kò bá òun lára mu. Bàbá rẹ̀ ní àkẹ́bàjẹ́ ni.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó rù. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹyin àti ẹran kún oúnjẹ rẹ̀, ó sì ń dúró tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán, kí ó lè lókun fún ìdánwò. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ó ń bì, ó ń sùn lọ́sàn-án gangan, bó bá sì jí, kò mọ ìyá tó bí i. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ tí kò léran ni wọ́n ń fún wọn níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara rẹ̀ balẹ̀. Bàbá mú un wálé, ó pa adìẹ láti fi kí i káàbọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún ti dàrú.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n fi ń bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ bàbá débi pé, bí wọ́n bá pè é ní baba wèrè ládùúgbò, á dáhùn.

Lọ́jọ́ kan, dókítà obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé ìwòsàn náà bi í pé, "Bàbá, kí ni ọmọ yìí jẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dàrú?"

"Adìẹ ni. Mo máa ń pa á fún un bó bá ti dé."

"Ní gbogbo ìgbà?"

"Ní gbogbo ìgbà, dókítà. Ọmọ mi ni."

Dókítà náà gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ó fi ránṣẹ́ sí ìlú ńlá. Èsì dé pé àìsàn àbímọ́ni kan tó ṣọ̀wọ́n ni. Ẹran àti ẹ̀wà máa ń fi ìdọ̀tí kan sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ara tiwa ń kó o dànù. Ara tirẹ̀ kò lè kó o tán, ó sì ń lọ bá ọpọlọ rẹ̀ jà. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì wọn oúnjẹ rẹ̀ fún un.

Ìbíwùmí gbádùn, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ jìnnà. Bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun. Ọmọ náà ní, "Ẹ má bẹ̀ mí, bàbá mi. Mo ṣáà ti ń sọ fún yín pé kò bá mi lára mu." Bàbá jókòó sórí táyà kan.

Ìwọ tí o wá bá mi láàárọ̀ yìí, tí o ní ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti ya wèrè, kí n júwe ibi tí wọn yóò so ó mọ́lẹ̀ sí: mi ò sọ pé irú àìsàn yẹn ló ń ṣe é. Àrùn ọpọlọ wà, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti pè é ní wèrè, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan mọ́. Padà lọ. Béèrè ohun tó ń ṣe é lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì jókòó títí yóò fi dáhùn.