Ìrù Tanímọ̀la

"Ajá tí ń jùrù kò wí pé ẹ̀yìn òun ti san." Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ajá tí ó dá a sílẹ̀ kò tó nǹkan. Ǹjẹ́ ìwọ òǹkàwé mọ̀ ọ́n?

Ní abúlé Òkè Ìyeyè, ọdẹ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ògúndìran. Òun àti aya rẹ̀, Morádéyọ̀, kò bímọ. Ajá kékeré kan ni wọ́n ní, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, ẹlẹ́yìn gígùn, tí wọ́n sọ ní Tanímọ̀la. Kò sí ihò òkété tí kò lè wọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn a máa dun ajá náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìrora náà bá ti dé sí i, yóò ká ẹ̀yìn sókè bí ológbò, yóò sì ké bí a bá fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀. Morádéyọ̀ ni ó mọ ìtọ́jú rẹ̀. Yóò so ó mọ́ igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí àkísà fún ọjọ́ méje. Yóò máa fi aṣọ tí ó rì bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lé e lẹ́yìn ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá fẹ́ gbé e, ọwọ́ kan a wà lábẹ́ àyà, èkejì a wà lábẹ́ ìbàdí. Ajá náà kò gbọdọ̀ fò gun pèpéle títí ọjọ́ keje yóò fi pé.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, àìsàn náà dé nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí gbogbo ọdẹ jáde sun ìgbẹ́. Àṣà wọn ni pé kí wọ́n tó tanná, wọn a pe ajá kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Ọdẹ tí ajá rẹ̀ kò bá jẹ́ ìpè, ẹ̀yìn iná ni yóò dúró sí pẹ̀lú àwọn arúgbó. Ògúndìran kò dúró níbẹ̀ rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta àìsàn náà, tí í ṣe ọjọ́ ìgbẹ́ sísun, ó mú ṣaworo ajá lára ògiri. Bí Tanímọ̀la ti gbọ́ ìró rẹ̀, ó dìde, ó ń jùrù.

"Wò ó," ni Ògúndìran wí. "Ara rẹ̀ ti yá."

"Rírí tí ó rí yín ni ó ń mú un jùrù," ni Morádéyọ̀ dáhùn. "Ọjọ́ mẹ́rin ṣì kù, baálé mi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ó kù kí o wá ọ̀já, kí o pọ̀n ọ́n."

Ọ̀rọ̀ yìí gún obìnrin tí kò pọnmọ rí. Ògúndìran tú okùn ajá náà, wọ́n sì jáde.

Nínú ìgbẹ́, wọ́n pe Tanímọ̀la, ó sì jẹ́ ìpè. Òkété kan sá jáde. Ajá náà gbá tẹ̀ lé e, ó sì fò kọjá ìtì igi kan. Igbe ẹyọ kan ni wọ́n gbọ́. Nígbà tí Ògúndìran dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ajá náà ṣì ń rákò tẹ̀ lé òkété. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń wọ́ bí okùn.

Ògúndìran bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀, ó fi pọ̀n ọ́n. Ó gba àárín àwọn ọdẹ kọjá, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ajá náà ń lá a lọ́rùn títí wọ́n fi délé.

Morádéyọ̀ kò bá a wí. Ó lọ gbé omi kaná.

"Ó ṣì ń lá mi," ni ọkùnrin náà wí, "ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ kò mì mọ́."

Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, Tanímọ̀la kú. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀ lé e, Ògúndìran dúró sí ẹ̀yìn iná. Ọdẹ kan mú ajá tí ń tiro wá, ó ní ajá náà ń jùrù, inú rẹ̀ dùn láti jáde. Ìgbà náà ni Ògúndìran sọ ọ́: "Ajá tí ń jùrù kò wí pé ẹ̀yìn òun ti san."

Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àkéte àìsàn, tí ó rẹ́rìn-ín sí àwọn ará ilé rẹ̀, tí àwọn ará ilé sì tìtorí ẹ̀rín náà gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, òwe yìí ni wọ́n ń pa fún wọn.