Ọmọ Kì Í Torí Ẹnubodè Sẹ́ Bàbá

"Ọmọ kì í torí ẹnubodè sẹ́ bàbá, bàbá ní í torí ọmọ sẹ́ ara rẹ̀." Ta ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí ládùúgbò wa ní Ìkirè? Àwọn ọmọdé pàápàá ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní ìdí rẹ̀, ẹ ó gbọ́ oríṣiríṣi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan jókòó níwájú mi, ó ní ayé ogun ni òwe náà ti ṣẹ̀, nígbà tí àwọn oníbodè ń ṣọ́ odi ìlú. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín. Ogun wo? Òwe náà kò tíì pé ọdún méjìlá láyé. Ẹ fìdí kalẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ ọ́ fún yín.

Káfíńtà ni ọkọ mi. Bàbá Rẹ̀mí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún un, kò sì sí Rẹ̀mí nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló bí Rẹ̀mílẹ́kún. Ìyá ọmọ náà kú lórí ìkúnlẹ̀, bàbá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e nígbà tí ọmọ pé ọdún méjì. Lọ́jọ́ tí ẹbí jókòó láti pín ẹni tí yóò mú un, ọkọ mi gbé e lé itan, ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ pín nǹkan kan. Ẹni tó bá sì tún pe ọmọ yìí ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìjà ló ń wá."

Kò ṣeré o! Èmi fúnra mi ṣèèṣì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi fẹnu kan oúnjẹ mi. A kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún Rẹ̀mílẹ́kún, ó mọ ibojì bàbá tó bí i. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ pe ọkọ mi ní nǹkan míì ju bàbá lọ.

Nígbà tí ó pé ọmọ ogún ọdún, yunifásítì kan ní ìlú òyìnbó gbà á wọlé. Ilé kún fún ayọ̀. Ọ̀dọ̀ oníkọ̀ǹpútà la ti kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n bèèrè orúkọ bàbá bó ṣe wà nínú ìwé ọjọ́ìbí, a kọ orúkọ olóògbé, a sì kọ ọ́ pé ó ti kú. Wọ́n tún ní kí onígbọ̀wọ́ kọ lẹ́tà. Ọkọ mi jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé, "Èmi bàbá rẹ̀ ni yóò gbọ́ bùkátà rẹ̀." Kò sí ẹni tó gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kí la fẹ́ wò nínú rẹ̀? Òótọ́ ni méjèèjì lójú wa.

A sìn ín dé Ìkẹjà, ó di dòdò Ìkirè sínú àpò, ó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ.

Ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́hùn-ún, òun ló rò ó fún mi. Ó ní ìlà tí àwọn àlejò tò sí gùn, síbẹ̀ òun kò fẹ́ kó tán. Ó ka àwọn ìwé ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó tún kà wọ́n. Nígbà tó kàn án, obìnrin aṣọ́bodè kan tó wọ awò ojú gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀.

"Ta ló ń gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ rẹ?"

"Bàbá mi ni, mà."

"Ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?"

"Àná ni, mà. Àwọn ló sìn mí dé ibi tí mo ti wọkọ̀."

Obìnrin náà wo ìwé, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo ìwé. "Ohun tí o kọ síbí ni pé bàbá rẹ ti kú láti ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn."

Yéè! Wọ́n mú un lọ sí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gba ìwé gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan tó bá níbẹ̀ ni wọ́n mú jáde lójú rẹ̀, òun àti ẹrù rẹ̀, wọ́n ń dá a padà sílé. Obìnrin náà ní, "Bí ọ̀rọ̀ rẹ kò bá yé wa, ọkọ̀ aago mẹ́fà ni yóò gbé ọ padà." Aago mẹ́rin ti kọjá nígbà náà.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá yọ ọ́. Kó kàn ní, "Àbúrò bàbá mi ni." Ó gbé e dé orí ahọ́n, ó gbé e mì. Ó ní ó dà bí ẹni pé òun fẹ́ fi ẹnu ara òun sin ọkùnrin tó ń gbé òun pọ̀n lọ sí ọsibítù nígbà tí ibà dé. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rò ó pé bí wọ́n bá dá òun padà, ojú wo lòun ó fi wò wá? Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹta náà ló ní, "Bàbá mi ni, mà." Ni obìnrin náà bá wo nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà, ó tẹ̀ ẹ́.

Ní Ìkirè, ọkọ mi ń rẹ́ ẹsẹ̀ àga kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ fún un ni fóònù ké. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun pákó, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀ síta. Bí mo ṣe gbọ́ gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Obìnrin náà ní, "Ọmọbìnrin kan wà níwájú mi, ó ní ìwọ ni bàbá òun. Ìwé rẹ̀ ní bàbá rẹ̀ ti kú. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ló ń pa, ó ń padà bọ̀ lónìí. Kí lo jẹ́ sí i?"

Ayùn wà lọ́wọ́ ọkọ mi. Mo mọ ọkùnrin yìí. Gbogbo ẹbí ló ti bá jà lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó bínú.

Ó rọra gbé ayùn sílẹ̀.

"Èmi kọ́ ni bàbá rẹ̀," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ló bí i, ẹ̀gbọ́n mi sì ti kú. Èmi kàn ń bá a wò ó ni. Ọmọ náà kò parọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa pè mí nìyẹn."

Láti inú fóònù la ti gbọ́ igbe Rẹ̀mílẹ́kún, ní Yorùbá: "Bàbá mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀!"

Obìnrin náà ní, "Kí ló ń sọ?"

Ọkọ mi sún mọ́ fóònù. "Ó ń kí mi ni," ó ní.

Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé ọmọ náà kí aago márùn-ún tó lù. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò tíì mọ̀. Ó jókòó sórí pákó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Mo sẹ́ ọmọ mi. Ọdún méjìdínlógún, mo wá fi ẹnu ara mi sẹ́ ẹ." Èmi tí kì í pa òwe lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kàn bọ́ lẹ́nu mi ni. Mo ní, "Bàbá Rẹ̀mí, ọmọ yín kò torí ẹnubodè sẹ́ bàbá, bàbá ló torí ọmọ sẹ́ ara rẹ̀. Tótó, ó ṣe bí òwe o."

"Wàá rí òmíràn pa," ó ní, ó sì nu ojú. Kò pẹ́ ni fóònù tún ké. "Bàbá mi, mo ti bọ́ síta. Òtútù ibí yìí kò kéré." Ọkọ mi ní kó wọ súwẹ́tà rẹ̀.

Èmi ni mo pa á, àwọn ará ilé sì gbà á lẹ́nu mi títí ó fi di ti gbogbo àdúgbò. Àwọn àgbà máa ń fi kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ sẹ́ alágbàtọ́ rẹ̀ nítorí àǹfààní. Wọ́n sì máa ń pa á nígbà tí àgbàlagbà bá bọ́ ọlá tó tọ́ sí i sílẹ̀ kí ọ̀nà ọmọ lè là. Ọkọ mi nìkan ni kì í pa á. Bí wọ́n bá pa á lójú rẹ̀, á ní, "Ta ló sẹ́ ta? Ó ń kí mi ni."