Edun àti Okùn Gbígbẹ

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà lálẹ́ yìí. Etí odò ló jókòó sí, lọ́dọ̀ Edun, ọ̀bọ dúdú onírù funfun nì.

Ní ìgbà kan rí, Edun ní àtàǹpàkò bíi tiwa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ní méjì. Ó sì máa ń na ọwọ́ náà sókè lójú gbogbo ará ìlú pé, "Ọwọ́ yìí nìkan ti tó mi í pẹja."

Lọ́dún náà, ọ̀dá dá. Odò gbẹ ku ibú kan ṣoṣo. Àwọn ẹranko fẹnu kò pé ẹja tí ẹnikẹ́ni bá pa, gbogbo ilé ni yóò pín in. Ìwọ̀ kan péré ni wọ́n ní. Wọ́n fi ìyẹ́ wé e kó lè dà bíi kòkòrò lójú omi. Bàbá Alákàn, olórí apẹja, ló ń tọ́jú rẹ̀ létí ibú. Kí ẹnikẹ́ni tó jù ú, Alákàn yóò rẹ okùn ìwọ̀ sómi títí yóò fi rọ̀, yóò fa kókó rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì so ìdí okùn mọ́ èèkàn.

"Wàhálà àwọn àgbà nìyẹn," ni Edun wí. "Ṣé ẹja ń wo èèkàn ni? Ẹ wo ọwọ́ mi, Bàbá."

"Mo rí i," ni Alákàn dáhùn. "Ó dára. Máa tọ́jú ẹ̀."

Ebi ti mú ọmọ Edun débi tí kò lè sunkún mọ́. Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ bẹ Alákàn, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ pẹja. Edun ní òun kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹja ńlá inú ibú yẹn, òun nìkan ni yóò gbé e. Orí igi ni àwọn yóò ti jẹ ẹ́ tán, kí ará ìlú tó jí.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ó jí ìwọ̀ gbé. Kò rẹ okùn. Kò wo ọ̀nà èèkàn. Ó wé okùn gbígbẹ mọ́ àtàǹpàkò ọ̀tún, ó wé e mọ́ tòsì, ó ju ìwọ̀ sómi.

Ẹja gbé e mì.

Okùn le tantan. Ó wọ inú ẹran àtàǹpàkò rẹ̀. Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ Edun lọ sómi. Alákàn jáde nínú ihò rẹ̀, ó la ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Edun, ṣé kí n gé okùn?"

"Ẹ má gé e, Bàbá. Ẹja mi á lọ."

"Ó ti dé eegun o."

"Ẹ ní sùúrù. Á tó rẹ̀ ẹ́."

Kò rẹ̀ ẹ́. Ẹja lọ, ìwọ̀ lọ, okùn lọ, àtàǹpàkò méjèèjì bá wọn lọ.

Nígbà tí ará ìlú jí, kò sẹ́ni tó nà án. Ó gun igi lọ bá ọmọ rẹ̀, ó fi ìka mẹ́rin já ewé, ó rún un, ó fi sí i lẹ́nu.

"Bàbá, ẹja ńkọ́?"

"Jẹ ewé."

Ewé náà ni wọ́n ń jẹ dòní.

Ìdí àlọ́ mi rèé, mo sọ ọ́ kalẹ̀ bó ṣe wà: ohun kékeré tí apẹja ń ṣe kó tó ju ìwọ̀, kì í ṣe torí ẹja. Torí ọwọ́ ara rẹ̀ ni.